Ẹ Jẹ́ Kí Dùrù Náà Sọ Yorùbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó bá yá aṣọ wọ lọ sí òde ijó, bí ó ti wù kí ó jó dáradára tó, ọkàn rẹ̀ kò ní kúrò lára ẹni tí ó ni aṣọ. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀, àgàgà ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ dùrù oníná, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní kíbọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi yóò ta àwọn kan lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á bí ewúro: ó korò lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń ṣe ara lóore.

Kíbọ́ọ̀dù ti kún ìlú. Ó wà ní ilé ìjọsìn, ó wà ní òde ìnáwó, ó wà lábẹ́ ibùsùn ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé gbígbé wa, ó tilẹ̀ wà nínú fóònù ẹni tí kò ní owó láti ra èyí tí ó tóbi. Ó yẹ kí inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀pọ̀ ti ń kọ́ ọ. Wọn a tan án, wọn a tẹ bọ́tìnnì kan, ìlù a bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọn a gbé ìka mẹ́ta lé e ní ọwọ́ òsì, gìtá àti fèrè a dáhùn fúnra wọn. Wọn a wá fi ìka kan ṣoṣo ní ọwọ́ ọ̀tún máa ṣa á bí ìgbà tí adìẹ bá ń ṣa ọkà. Lẹ́yìn náà wọn a gbà á sílẹ̀, wọn a fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀, wọn a ní, "Ẹ wá gbọ́ orin tí mo ṣe." Èmi a máa bi wọ́n pé: Èwo ni tìrẹ níbẹ̀? Ìlù, ti ẹ̀rọ ni. Gìtá, ti ẹ̀rọ ni. Ìrìn orin náà pàápàá, àjèjì kan tí kò gbọ́ Yorùbá ni ó tò ó sínú ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́ wọn. Bí a bá yọ gbogbo èyí kúrò, ìka kan ni ó kù.

Ohun tí mo ń wí nìyí: ẹni tí ó bá ń kọ́ kíbọ́ọ̀dù ní ilẹ̀ Yorùbá, láti ẹnu ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti orí bọ́tìnnì. Kí ó kọ́kọ́ fi etí gbọ́ orin ilé rẹ̀, kí ó fi ìka ara rẹ̀ wá a rí, kí ó sì gbà á sílẹ̀ lọ́nà tí ẹni tí ó mọ orin náà yóò fi mọ ohun tí dùrù ń sọ, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ la ẹnu kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kò tíì kọ́ dùrù. Bọ́tìnnì títẹ̀ ni ó kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ojú mi rí, kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Níbi ìgbéyàwó kan tí mo lọ, wọ́n ní kí ìyá àgbà ìyàwó wá súre fún ọmọ. Màmá náà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó gbé orin kan tí wọ́n fi ń sin ìyàwó ní ìgbà èwe rẹ̀. Ohùn àgbà ni, ó ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n orin náà gún. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí màmá gbé orin sí. Ó tẹ ibì kan, kò bá a mu. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó gbé ohùn ẹ̀rọ lọ sókè. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó gbé e wá sílẹ̀. Gbogbo ìwákúwàá yìí sì ń ti inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè jáde lé màmá lórí. Nígbà tí ó ṣe, màmá kò mọ ibi tí ohùn ara rẹ̀ wà mọ́. Ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi, orin ayé àtijọ́ ni tiwa." Ó gbé gbohùngbohùn sílẹ̀, ó lọ jókòó. Kò pẹ́, kò jìnnà, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí tan ìlù inú ẹ̀rọ, orin tí a ti gbọ́ títí tí ó ti sú wa sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ta ni ó yẹ kí ó tọrọ àforíjì nínú àwọn méjèèjì? Màmá kò ṣi orin gbé. Orin náà kò sì kú. Ẹni tí ó yẹ kí ó bá a gbè é ni kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dé ojú àmì. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Èyí mú mi dé orí bọ́tìnnì tí ó ń tẹ̀ náà, tí àwọn olórin ń pè ní transpose. Kíbọ́ọ̀dù tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa ní ibi títẹ̀ 61, tí èmi máa ń pè ní eyín dùrù: funfun 36, dúdú 25. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti pọ̀ tó, ohùn 12 péré ni ó ń yí po níbẹ̀. Bí a bá ka méjìlá tán, ìkẹtàlá a tún jẹ́ èkíní, àfi pé ó ga jù ú lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 12 yìí ni a lè sọ di dò, kí a sì ti ibẹ̀ gbé orin. Ilé oníyàrá méjìlá ni. Ẹni tí ó bá kọ́ dùrù dáradára, yàrá yòówù tí àlejò bá wọ̀, yóò bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀. Bí àlejò bá wọ yàrá mìíràn, wọn a fẹ́ ru odidi ilé kí yàrá tí wọ́n mọ̀ lè bọ́ sí abẹ́ ẹsẹ̀ àlejò. Kí wọ́n tó gbé ilé náà kalẹ̀, àlejò ti lọ.

Èmi kò sọ pé kí a yọ bọ́tìnnì náà dànù. Ọ̀pá dára fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá, tí ó ń fi ọ̀pá rìn láti kékeré, ìgbà wo ni yóò kọ́ eré sísá? Mo ti bá olùkọ́ kan pàdé tí ń gba owó lọ́wọ́ àwọn òbí láti kọ́ ọmọ wọn ní kíbọ́ọ̀dù láàárín oṣù mẹ́ta. Ó sọ fún mi láìtijú pé yàrá kan tó, pé bọ́tìnnì yóò ṣe ìyókù. Mo bi í pé, ta ni yóò san owó bọ́tìnnì fún un? Ó rẹ́rìn-ín, kò dá mi lóhùn.

Ẹ wo ọmọ Àyàn. A kì í gbé ìyáàlù lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní. Yóò jókòó ti bàbá rẹ̀, yóò gbọ́, yóò tún gbọ́, títí etí rẹ̀ yóò fi kún. Lẹ́yìn náà ni a ó fún un ní ìlù kékeré, kí ó kọ́ bí a ti ń dúró sí ojú ìlù láìyẹ̀. Nígbà tí ó bá ti mọ ohun tí ẹnu ń sọ ni a ó tó jẹ́ kí ó fi ìlù sọ ọ́. Ẹnu ni ó ṣáájú ọwọ́. Kí ló dé tí a fi rò pé ti kíbọ́ọ̀dù yàtọ̀? Nítorí pé ó ní iná lára ni?

Ọ̀nà tí mo ń sọ yìí kò ṣòro, kò sì gba owó púpọ̀. Àwa tí a kọ́ èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́, dò, rè, mí ni wọ́n fi kọ́ wa ní ohùn: dò ni ohùn ìsàlẹ̀, rè ni ohùn àárín, mí ni ohùn òkè. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí kíbọ́ọ̀dù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ibi tí eyín dúdú méjì gbé dúró papọ̀: funfun tí ó wà ní òsì wọn ni dò, èyí tí ó wà láàárín wọn ni rè, èyí tí ó wà ní ọ̀tún wọn ni mí. Kí ó wá sọ pé, "Olú ra ọkọ̀." Kí ó tẹ ohun tí ó sọ: rè mí, rè, rè dò. Kí ó tún sọ pé, "Olú ra ọkọ́": rè mí, rè, rè mí. Ìka kan ṣoṣo ni ó yí padà, Olú tí ó ra mọ́tò sì di Olú tí ń lọ sí oko. Ní ọjọ́ kìíní, kí ó tó mọ ohunkóhun nípa ìlù inú ẹ̀rọ, ọmọ náà ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ àtẹdùrù ọlọ́dún mẹ́wàá kò kà sí: pé bí orin bá gun òkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni a kọ.

Ní ọjọ́ kejì, kí ó lọ bá ìyá rẹ̀ tàbí ìyá àgbà, kí ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ orin inú àlọ́ kan fún òun. Orin àlọ́ dára fún ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó máa ń kúrú, ègbè rẹ̀ sì ń padà wá lemọ́lemọ́. Kí ó fi fóònù gba ohùn ìyá sílẹ̀, kí ó máa gbọ́ ọ títí òun náà yóò fi lè kọ ọ́ láìsí fóònù. Ìgbà náà ni kí ó tó jókòó sídìí dùrù, kí ó pa gbogbo ìlù inú ẹ̀rọ, kí ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan wá orin náà rí. Bí orin bá yá jù fún ọwọ́ rẹ̀, kí ó tan aago tí ń ka ìdá orin, kí ó dín in kù sí 60 ní ìṣẹ́jú kan, kí ó máa gbé e sókè bí ọwọ́ bá ti ń yọ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n ní yàrá kan, kí ó gbé e lọ sí yàrá kejì àti ìkẹta, láìfi ọwọ́ kan transpose. Orin àlọ́ kan ní yàrá méjìlá sàn ju orin méjìlá ní yàrá kan lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ gbígba orin sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ó pín sí. Èkíní ni pé kí a gba ohùn, bí fóònù ti ń gba ohùn ènìyàn. Ohun tí ó bá dún ni ó wọlé, àṣìṣe àti ariwo adìẹ ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú. Èkejì ni pé kí a gba iṣẹ́ ọwọ́. Ní ọdún 1983 ni àwọn tí ń ṣe ohun èlò orin oníná gbé èdè kan jáde tí ẹ̀rọ wọn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń pè ní MIDI. Nínú èdè yìí, kì í ṣe ohùn ni ẹ̀rọ ń fi pamọ́ bí kò ṣe ìṣe ìka: eyín wo ni o tẹ̀, ìgbà wo ni o tẹ̀ ẹ́, ìgbà wo ni o gbé ọwọ́ kúrò, báwo ni o ti fi agbára tẹ̀ ẹ́ tó. Wọ́n fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, láti 0 títí dé 127; dò tí ó wà ní àárín dùrù ni 60. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ìka kan bá ṣì lọ, ìka kan náà ni a ó tún ṣe, a kò ní tún odidi orin gbà.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ọ̀fìn wà. Bọ́tìnnì mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní quantize, tí ó máa ń fa gbogbo ìka lọ sí orí ìlà tí ó sún mọ́ ọn jù lọ, kí orin lè gún régé. Ọ̀pọ̀ ìlù wa ni ó ń rìn lórí ìdá 12. Bí o bá sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó pín in sí 16, yóò ṣẹ́ orin náà lẹ́sẹ̀, yóò sì máa sọ pé òun tún un ṣe ni. Mo ti gbọ́ orin ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe báyìí. Ó ń rìn bí sójà tí wọ́n ń kọ́ ní ìrìn ní bárékè. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ọwọ́ yín ṣe. Bí ó bá dára, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá dára, ẹ tún un tẹ̀.

Ìdánwò kan ni mo máa ń fi yẹ ohun tí mo bá gbà sílẹ̀ wò. Mo máa ń jẹ́ kí dùrù nìkan sọ̀rọ̀, láìsí ohùn ènìyàn, n ó sì fún àgbà kan tí ó mọ orin náà gbọ́, n ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, mà, kí ni ó ń sọ?" Bí wọ́n bá gbà á lẹ́nu dùrù tí wọ́n ń kọ ọ́ lọ, orin náà yè. Bí wọ́n bá ní, "Ó dùn, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kí ni?" iṣẹ́ kò tíì parí. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè ṣe ìdánwò yìí fún ni.

Àwọn kan yóò dìde sí mi láti apá kejì. Wọn yóò ní kíbọ́ọ̀dù kì í ṣe tiwa. Wọn yóò ní ohùn 12 tí a pín lọ́gbọọgba kò lè gba ohùn Yorùbá. Pé gángan máa ń yọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n dùrù ń fò ni. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Bí a bá pe "ìyá," ohùn tí ó gbẹ̀yìn kì í bẹ̀rẹ̀ lókè. Gígun ni ó ń gun òkè, eyín dùrù kò sì mọ òkè gígun. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá òsì kíbọ́ọ̀dù: lára ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà tí a bá yí i, ohùn a yọ́ lọ sókè tàbí sí ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ tí onígángan ń fi ọṣán ṣe, kẹ̀kẹ́ yìí lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Lára àwọn mìíràn, a lè fa ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ohùn 12 náà sókè tàbí sí ìsàlẹ̀. Ìdá 100 ni wọ́n pín àárín ohùn kan sí èkejì rẹ̀ sí, ènìyàn sì lè fi etí yan ibi tí ó bá ohùn ìyá rẹ̀ mu. Mélòó nínú wa ni ó ti fi ọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ yìí fún orin Yorùbá? Transpose ni a mọ̀.

Àwọn tí ó ṣáájú wa kò sá fún ohun èlò àjèjì. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti lọ sí London ní ọdún 1922, ó kọ orin Yorùbá tí ó lé ní 40 sínú àwo giramafóònù. Ó kú ní 1930, ṣùgbọ́n a ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ títí di òní. T. K. E. Phillips tẹ dùrù ní Kàtídírà Krístì ní Marina, ní Èkó, láti 1914 títí di 1962. Ìwé rẹ̀ Yoruba Music, tí ó jáde ní 1953, dá lórí bí ọ̀rọ̀ àti orin Yorùbá ti so pọ̀ mọ́ra. Fẹlá Ṣówándé kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun náà tẹ dùrù oníná Hammond ní London, ó sì fi ohùn orin ilẹ̀ wa ṣe African Suite ní 1944. I. K. Dáìrò gbé àkọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ọ tí ó bèèrè pé èdè wo ni ó ń sọ. Wọn kò sá fún ohun èlò náà, wọn kò sì jọ̀wọ́ ara wọn fún un. Wọ́n kọ́ ọ ní Yorùbá. Ẹni tí ó bá ní kí a fi kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín, ẹni náà ń bá wa gbé orin màmá wọnnì sin ni, bí ó tilẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní olùfẹ́ àṣà.

Ẹlòmíràn yóò sì sọ fún mi pé, "Owó ni mo ń wá. Ní ọjọ́ Sátidé, ta ni ó ń bèèrè orin àlọ́?" Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn, nítorí pé mo mọ ohun tí owó ilé ìwé ń ṣe sí ọmọ tálákà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: gbogbo ẹni tí ó ní kíbọ́ọ̀dù ni ó ní ìlù inú ẹ̀rọ kan náà. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ọjà rẹ, ọjà tí aládùúgbò rẹ ń tà ni ìwọ náà ń tà, ẹni tí ó bá gba owó tí ó kéré jù ni wọn yóò pè. Ẹni tí ó lè bá ìyá àgbà lọ sí yàrá yòówù tí ó bá gbé orin sí, láìdá a dúró, láìdójú tì í láàárín ọmọ rẹ̀, mélòó ni ó wà ní ìlú?

Nítorí náà, mo mú àbá kan wá fún ẹgbẹ́ wa. Bí ìsinmi bá dé, kí olúkúlùkù tí ó ní kíbọ́ọ̀dù, ì báà jẹ́ ti inú fóònù, lọ bá àgbà kan ní ilé, kí ó gba orin kan wá. Kí ó tọrọ àyè kí ó tó gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó kọ orin náà, ìlú rẹ̀, àti ohun tí wọ́n ń fi orin náà ṣe. Kí ó kọ́ ọ, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ó gbà á sílẹ̀, kí ó sì mú ohùn àgbà àti ohùn dùrù wá papọ̀. Bí ọgbọ̀n ènìyàn péré bá ṣe èyí ní ìsinmi méjì, orin 60 ni ẹgbẹ́ yóò ní nípamọ́, tí ọmọ tí a kò tíì bí yóò lè fi kọ́ dùrù. A kò ní gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, a kò sì ní dúró de ẹ̀bùn láti òkè òkun.

Àwọn àgbà wa kò ní dúró dè wá títí. Ìsinmi ń bọ̀. Ẹni tí ó bá ti ilé padà wá láìmú orin kan bọ̀, kí ó má ṣe bá mi jiyàn lórí kíbọ́ọ̀dù mọ́.